Àwòrán Màmá Kúnbi

Uncle Ládé ò tíì fún Kúnbi ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní freedom, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, ohun tí ọmọṣẹ́ bá yà, orúkọ ọ̀gá ni wọ́n ń kọ sí i, títí di ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbàdúrà fún un. Bí Kúnbi bá sì béèrè ọjọ́ àdúrà, Uncle Ládé á ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ẹ̀sọ̀ wo? Ìkà ni, jàre!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ pé ìkànnì tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán sí fẹ́ kógbá sílé. Kúnbi ṣí ibi dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà, tí kò ní bọ́tìnnì kankan. Àṣẹ lèèyàn ń tẹ̀ síbẹ̀. Ìlà kan péré, á kó gbogbo àwòrán lọ sí ìkànnì mìíràn, tòun ti orúkọ tó wà lára wọn.

Àwòrán màmá Kúnbi wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin màmá náà ló yà á, tomijé tomijé, Uncle Ládé sì gbé e jáde lórúkọ ara rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. “Uncle, ẹ jọ̀ọ́, mo lè yí orúkọ orí ẹyọ kan yìí padà kó tó lọ. Màmá mi ni.”

“Ṣé o ti gba freedom ni?” Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń jẹ. “Kó gbogbo ẹ̀!”

Kó sá lọ ńkọ́? Ọmọṣẹ́ tó sá láì gba àdúrà ọ̀gá, ta ló máa gbà á síṣẹ́ ní gbogbo Kétu? Bàbá rẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ lé e padà. Kò síbi tó fẹ́ gbà. Ó tẹ àṣẹ náà.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi béèrè lábẹ́ àwòrán náà pé, “Ọ̀gá Ládé, ta ni màmá yìí?” Kúnbi ló sì máa ń dá èèyàn lóhùn lórúkọ ọ̀gá; ó kà á sókè.

Uncle Ládé nu ẹnu. “Sọ pé ìyá tó bí Ládé ni. Pé wọ́n ti kú.”

“Hẹn? Ṣebí Mummy yín pè yín láàárọ̀ yìí láti Ìjẹ̀bú-Òde?”

“Ṣé èmi lò ń bá jiyàn? Tẹ̀ ẹ́!”

Ẹ gbà mí o! Ẹni tí ìyá ẹ̀ wà láyé ń jí òkú ìyá olókùú gbé. Kúnbi tẹ̀ ẹ́. Làwọn èèyàn bá ya bo ibẹ̀: Ọ̀gá Ládé, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀gá Ládé, Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ọjọ́ tí màmá kú, èèyàn mélòó ló kí Kúnbi?

“Dá wọn lóhùn,” Uncle Ládé wí.

Kúnbi nu ojú, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ẹ ṣé, ẹ ò ní rí irú ẹ̀.