Ẹlẹ́ṣin Inú Àpò Òsì

Ksawery Pytel ní irínwó ẹlẹ́ṣin ni òun kùn láàárín ìgbà tí ìyá òun gbé ọbẹ̀ kaná àti ìgbà tí ọbẹ̀ náà hó. Ó ní irun kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì tí òun lò, irunmú ológbò sì ni, òun fúnra òun lòun fà á tu lójú oorun ológbò náà, ẹran náà ò sì mira. Ó ní nígbà tí òun kun ojú ẹṣin tó kẹ́yìn tán, ẹṣin náà ṣẹ́jú sí òun, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Bí ó bá jẹ́ Sátidé mìíràn ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń kun ọmọ ogun òjé, tí wọ́n ń pàdé lókè gbọ̀ngán àwọn panápaná nílùú Sanok ì bá ti rẹ́rìn-ín títí tíì yóò fi dà sí wọn láṣọ. Gbogbo wọn ló mọ Ksawery. Bó bá ní òjò ń rọ̀, wọn a kọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ẹlẹ́ṣin Bàbá Lucjan Kubacki ló tò sórí tábìlì, Bàbá Lucjan fúnra rẹ̀ sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà tí yìnyín ti ń yọ́.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọmọ ogun òjé ni wọ́n, ẹṣin àti ẹni tó gùn ún ò ga ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ èèyàn lè ka ìyẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀yìn ìhámọ́ra wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tí a kùn sí wọn lára bà lé èjìká òsì gbogbo wọn bákan náà, torí apá òsì ni fèrèsé wà níbi tí bàbá náà ti ń kùn wọ́n. Ksawery máa ń búra pé òun ti gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni páálí bàtà kan wà, mẹ́tàlélógójì mìíràn dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, òjé lásán tó rí bí eérú, wọn ò lójú, wọn ò nímú. Àwọn wọ̀nyí ni ikú ò jẹ́ kí bàbá náà kùn.

Màmá Róża, opó rẹ̀, ti sọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣókí. Ọwọ́ tó bá jọ ọwọ́ ọkọ òun ni yóò kó gbogbo wọn, àwọn tó ti wọṣọ àtàwọn tó wà níhòòhò, yóò kun ìyókù, yóò sì máa kó wọn jáde síbi eré ogun orí tábìlì bí ọkọ òun ti ń ṣe. Bí kò bá sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń lọ, sínú dígí. Gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ pé ọmọ ogun tó bá ti wọ inú dígí, ó ti kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò tún fọwọ́ kàn án, kò sẹ́ni tí yóò tún da dáìsì nítorí rẹ̀.

Ksawery fẹ́ wọn lójú méjèèjì. Òun tó jẹ́ pé bó bá jókòó ti oúnjẹ pierogi ìyá rẹ̀, àwọn aládùúgbò a máa pa fèrèsé dé kí ó má baà jẹ tiwọn mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun yó. Ohun tó fà á, kò sọ ọ́ fẹ́nì kan rí. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, tí kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, Bàbá Lucjan mú ẹlẹ́ṣin kan níwájú ogun, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Mú un lọ sílé," bàbá náà wí. "Ọjọ́ tó o bá kun ẹyọ kan tó lè dúró tì í tójú ò ní tì í, kó o mú méjèèjì wá."

Bàbá náà kun òmíràn dí àlàfo rẹ̀, kò sì ròyìn fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni Ksawery ti ń kùn. Ó kùn, ó fọ̀ ọ́ dànù, ó tún un kùn, títí ìyá rẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ fẹ́ ìyàwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kun ẹyọ kan tí kò fọ̀ dànù. Méjèèjì ló mú wá lónìí, ti Bàbá Lucjan nínú àpò ọ̀tún, tirẹ̀ nínú àpò òsì. Kó tó gun àtẹ̀gùn, ó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ nínú oòrùn, ó wò wọ́n. Ẹṣin tirẹ̀ dára. Aṣọ pupa náà dára. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ki bí eyín òòyà, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ń wo àwọn ọ̀tá nígbà tí tòsì ń wo oúnjẹ ọ̀sán. Ó dá a padà sínú àpò òsì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, àpò ọ̀tún ló ki ọwọ́ bọ̀, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ológbò.

Àṣà ẹgbẹ́ ni pé bí wọ́n bá ń wo ọwọ́ mọ́ ọwọ́, ẹni tó ń wò yóò kẹ̀yìn sí tábìlì, wọn a ki ẹlẹ́ṣin àlejò sáàárín àwọn onílé, ẹni náà a wá yíjú padà, a sì mú àlejò jáde. Gerard Solecki, alága ẹgbẹ́, tó fi ọdún márùndínlógójì wọn irin réluwéè, ló ń kì wọ́n sí i. Èèyàn méjì ti gbìyànjú ṣáájú Ksawery, bí ẹni ṣa òkúta nínú ẹ̀wà sì ni Màmá Róża ṣe mú tiwọn jáde.

Ó yíjú wo ti Ksawery. Ó rìn yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un dé. Níkẹyìn ó fà sẹ́yìn, ó ní òun ò rí i.

Bí Ksawery bá dákẹ́ níbẹ̀ ni, bóyá ohun gbogbo ì bá ti parí. Gerard fa ẹlẹ́ṣin náà yọ, ó mú irin ìwọ̀n rẹ̀ jáde, ó wọ̀n ọ́n láti pátákò ẹṣin dé ẹyinjú ẹni tó gùn ún, torí pé fìlà àti ìyẹ́ máa ń purọ́ gíga. Ó bá ti Bàbá Lucjan mu rẹ́gí. Ó béèrè ìgbà tó rà á. Ksawery ní nígbà ìrúwé yìí ni, tuntun ni. Gerard ní tuntun kọ́. Àwọn òjé tí wọ́n ń rọ báyìí fi ìnípọn èékánná ga ju èyí lọ. Ksawery ní àṣìsọ ni, ògbólógbòó ni òun rà, ní Kraków, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti tó igba ọdún.

Gerard ò rẹ́rìn-ín. Ó fà sún mọ́ ọn, bí ẹni tébi ń pa.

"Gbọ́, àbúrò mi. Ògbólógbòó kúrú. Gbogbo ti Lucjan ni ògbólógbòó, síbẹ̀ tó bá kó wọn wá síwájú tiwa, èjìká-séjìká ni wọ́n máa ń dúró. Ogún ọdún la fi bi í léèrè ohun tó fi gbé wọn sókè, ẹ̀rín ló ń fi wá rín. Ìwọ, kí lo fi sábẹ́ ẹsẹ̀ tìrẹ?"

Ìbéèrè òtítọ́ ni, kì í ṣe pańpẹ́. Ksawery ò yí ẹlẹ́ṣin náà wo abẹ́ rí, láti ọdún méjìlá, torí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó ní ìwo ẹfọ̀n ni, ẹfọ̀n igbó Białowieża, òun bá a jìjàkadì láti àárọ̀ dọ̀sán, nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ẹfọ̀n náà fúnra rẹ̀ ló yọ ìwo náà fún òun, ó sì dúpẹ́.

Màmá Róża na ọwọ́. Wọ́n gbé ẹlẹ́ṣin náà fún un. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fi èékánná àtàǹpàkò ṣí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀, àwọ̀ ewé tó ní òdòdó funfun wínníwínní.

Ó ní nínú ilé ìdáná òun, lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ihò kan wà lára rọ́bà ilẹ̀ tó ń fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Eku lòun dá lẹ́bi. Òun ra pańpẹ́, òun yá ológbò. Lucjan a máa kúnlẹ̀ ti òun, a fi ìka tọ́ka sí etí ihò náà, a ní wo eyín eku, Róża, o ò rí bó ṣe mú. Òun sì gbà á gbọ́. Ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti tú rọ́bà yẹn dà sínú iná. Ó fi ìka pa òdòdó funfun kékeré náà lórí, bí ẹni ń nu nǹkan lójú ọmọ.

"Ksawery," ó ní, "ilé ìdáná mi ni ẹfọ̀n rẹ ti jẹko."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn. Etí Ksawery gbóná débi pé, bí ẹnì kan bá gbé ìkòkò lé e, tíì ì bá hó. Ó dìde. Lójú rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́tàdínlọ́gọ́rin náà ti wà nínú dígí. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló tì wọ́n síbẹ̀.

Màmá Róża nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì Ksawery ló ń wò.

"Kí ló wà nínú àpò yẹn tó o ń fọwọ́ bò láti ìgbà tó o ti wọlé?"

Ksawery la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní òtítọ́ kan láti sọ, ṣùgbọ́n ẹnu náà ò tíì kọ́ ọ, kò mọ ibi tí òtítọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó yí ìjókòó dànù, ó já sí ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ló fẹsẹ̀ kàn. Ó sá kọjá lára ọkọ̀ panápaná, ó já sí títì. Ó ń gbọ́ tí Gerard ń pe orúkọ rẹ̀ lójú fèrèsé, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń sáré bí adìẹ tó há ẹyin sábẹ́ apá, ó fi ọwọ́ òsì di àpò náà mú, kí ọ̀kọ̀ ẹlẹ́ṣin tirẹ̀ má baà tẹ̀.