Ọmọ Ẹṣin Tó Ń Tiro ní Ìrẹmọ

Láti ìgbà tí ọkọ Hàjàrá ti kú ni abo ẹṣin tó fi sílẹ̀ ti di ìjà láàárín òun àti Fàrídà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Fàrídà ní ogún bàbá àwọn ni. Hàjàrá ní ẹni tó ń bọ́ ọ ló ni ín. Nígbà tí ẹṣin náà wá bímọ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìrẹmọ, lọ́dún 1994, tilé-toko ló wá wò ó. Fàrídà náà wá. Ó fọwọ́ pa ọmọ ẹṣin náà lórúnkún, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí i ni orúnkún ọ̀hún wú. Nígbà tó yá, oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà wú, ó gbóná lọ́wọ́. Ọmọ ẹṣin ń tiro, agbára káká ló fi ń dìde mu ọmú. Ibi tí ọwọ́ Fàrídà kàn gan-an ni Hàjàrá tẹjú mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó ra àgádágodo, ó fi ti ilé ẹṣin.

Fàrídà gbọ́, ó ní òun mọ dókítà ẹranko kan ní Òkè-Ogbó, kí àwọn lọ pè é. Hàjàrá ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní bí eku ṣe ń jẹ ni náà ló ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ń fi omi gbóná àti òrí ra ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wíwú náà kò fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ẹṣin kò lè gbórí mọ́, Fàrídà mú dókítà náà dé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorcas Awóyẹmí. Hàjàrá dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó, ṣílẹ̀kùn," ni Fàrídà wí. "Tó bá kú, èmi náà lo máa sọ pé mo pa á."

Ọ̀rọ̀ náà bá Hàjàrá níbi tó ń dùn ún. Ó ṣílẹ̀kùn.

Dókítà kò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀. Ìdodo ló wò, ó sì bá a tó tutù, tó ń rùn. Ó ní láti ara ilẹ̀ ẹlẹ́gbin ni kòkòrò àrùn ti gba ìdodo wọlé, tó sì bá ẹ̀jẹ̀ dé oríkèé. Ó gún un lábẹ́rẹ́.

"Kò ní kú," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kí ẹ tó pè mí. Orúnkún yìí kò ní ká dáadáa mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọmọ ẹṣin dìde, ó ń tiro. Fàrídà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé koríko tútù wá nírọ̀lẹ́. Hàjàrá á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Bí Fàrídà bá ti yí ẹ̀yìn padà, á tú ìdì koríko náà, á tú u wò fínnífínní kó tó gbé e síwájú ẹṣin.