Òwú Búlúù Lára Ṣòkòtò Dúdú

Láti ìgbà tí ìyàwó aránṣọ ti kú, kò sẹ́ni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní sọ fún un pé kó mú ọkàn le. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Wọ́n á wọlé, wọ́n á mi orí, wọ́n á jókòó lé aṣọ oníbàárà lórí, wọ́n á ní àwọn mọ bó ṣe ń ṣe é. Kí ni wọ́n mọ̀? Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ìyàwó tirẹ̀ wà níta tó ń fọn fèrè ọkọ̀ pé kó tètè jáde.

Ìyàwó aránṣọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àràárọ̀ ló máa ń gbé àpótí ìjókòó kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á fi itọ́ rin orí òwú, á kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ojú aránṣọ ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí aránṣọ tí kò rí ojú abẹ́rẹ́, ta ni yóò gbé aṣọ fún un? Òwú búlúù ni obìnrin náà fi síbẹ̀ kẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ tó dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́.

Òwú náà ṣì wà níbẹ̀. Òun ni aránṣọ fi ń rán gbogbo nǹkan. Aṣọ funfun, òwú búlúù. Aṣọ pupa, òwú búlúù. Bí oníbàárà bá ráhùn, á ní bí wọ́n ṣe ń rán an lóde òní nìyẹn, ojú wọn ni kò là. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ojú òun ni. Àmọ́ ó ń ṣọ́ òwú náà lò, kì í jẹ́ kí ìkankan ṣòfò. Lójoojúmọ́ ló ń wo ike tí wọ́n wé e mọ́, tó ń hàn síta díẹ̀díẹ̀. Bó bá tán, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti kúrò lára ẹ̀rọ náà nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá ràn án lọ́wọ́, lójú tirẹ̀. Ó kó ìkòkò olóògbé kúrò níbi tó wà, ó kó o síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, ó ní ilé ti wá ṣeé mí nínú rẹ̀ wàyí.

"Wàá bá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn téèyàn wọn kú," ó ní. "Yàrá ìkàwé kan ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n á tù ọ́ nínú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Èyí tó ò ń fi òwú búlúù bà jẹ́ yẹn?"

Aránṣọ lọ, kí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè sinmi. Wọ́n to àga yí po bí ẹni fẹ́ ṣeré ọmọdé. Obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìsí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ní kí kálukú sọ bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó kan aránṣọ, ó ní:

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Àga yín kò dáa."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wa," obìnrin náà dáhùn, ó sì mi orí bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá.

Aránṣọ kò padà débẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì wá sọ fún un pé kó mú ọkàn le: aránbàtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí aránbàtà ti sọ níwájú oníbàárà pé ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò tí aránṣọ rán gùn ju èkejì lọ. Ẹsẹ̀ oníbàárà ló kúrú. Aránṣọ di ọ̀rọ̀ náà sínú, kò sì ṣetán láti tú u. Pé aránbàtà kò wá kí i, ó fi ìyẹn náà kún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránbàtà sọdá títì, ó wọlé láìkanlẹ̀kùn.

"Ẹnì kan wọ ṣòkòtò dúdú wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀," ó ní. "Òwú búlúù ló wà létí ẹ̀ nísàlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí."

"O ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Bàtà tó o rán náà ń rẹ́rìn-ín, ẹnu ẹ̀ ti là."

Aránbàtà sún mọ́ tábìlì. Ó ń wo ẹ̀rọ náà.

"Mo máa ń rí ìyàwó ẹ láti ọ̀hún," ó ní. "Tó bá ń fi itọ́ rin òwú."

Ó ti mọ̀ nípa ojú aránṣọ tipẹ́ nìyẹn. Ó mọ̀, wọ́n ń bínú síra wọn, síbẹ̀ kò sọ fún oníbàárà kankan. Ìyẹn tilẹ̀ tún bí aránṣọ nínú. Aránbàtà fa àpótí ìjókòó kékeré mọ́ra.

"Má jókòó síbẹ̀ yẹn."

"Ibo ni kí n jókòó sí, orí ẹ?"

Ó jókòó, ó yọ ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ, ó nà án sí òwú búlúù náà.

"Má gé e," aránṣọ sọ.

Ọwọ́ aránbàtà dúró. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tó bá tán lẹ́nu iṣẹ́, inú aṣọ oníbàárà ni gbogbo ẹ̀ máa bá lọ. Kò ní ku nǹkan kan fún ọ."

Aránṣọ wo ike náà. Ó wo ojú abẹ́rẹ́ tí kò rí.

"Gé e," ó ní. "Jẹ́ kó gùn."

Aránbàtà gé e lẹ́bàá abẹ́rẹ́, ó tú ìyókù kúrò lára ike, ó wé e mọ́ ègé awọ kan. Ó fi í lé aránṣọ lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ògiri bí ẹni ń wá nǹkan níbẹ̀ títí ọkùnrin náà fi nu omijé tán. Lẹ́yìn náà, ó mú òwú dúdú, ó fi itọ́ rin ín.

"Itọ́ ẹ ń rùn," aránṣọ ní.

"Kì í ṣe ìwọ ni mo tu ú sí lára."

Ó ki òwú bọ ẹ̀rọ. Ó tún ki ti àwọn abẹ́rẹ́ ọwọ́, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lórí tábìlì. Ó dìde.

"Màá wá láàárọ̀ ọ̀la."

"Ẹsẹ̀ ṣòkòtò yẹn dọ́gba," aránṣọ sọ sí i lẹ́yìn.

"Kò dọ́gba," aránbàtà dáhùn láti àárín títì, kò bojú wẹ̀yìn.

"Aláìmọ̀kan," aránṣọ ní. Ó fi ègé awọ náà sápò àyà, ó sì ti àpótí ìjókòó kékeré súnmọ́ ojú fèrèsé, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yóò ti ríran dáadáa.