Orúkọ Bàbá Sójà

Ohun tó ń bí Fọlákẹ́ nínú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó tì í. Níbi ìpàdé òbí àti tísà ni ọ̀gá ilé-ìwé, Mísítà Akínlẹ́yẹ, ti béèrè ẹni tó máa bá wọn ṣètò ọjọ́ ìrántí àwọn sójà. Gbogbo òbí tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, ni Fọlákẹ́, ìyá Báyọ̀, bá nawọ́. Wàhálà àfọwọ́fà, ta ni èèyàn fẹ́ fi sùn?

Láti ọjọ́ náà, aṣọ àwọn oníbàárà kàn ń ga lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni. Òun ló rán àsíá, òun ló wá àga kiri Ìdímù, òun ló lọ ra òdòdó ní Ìkòtún. Ní ti ọ̀gá, àlejò pàtàkì kan tó fẹ́ pè ló gbà á lọ́kàn. Bí Fọlákẹ́ bá béèrè ibi tí àwọn sójà àgbà máa jókòó sí, á ní, "Mọ́mì Báyọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre." Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fẹ́ kó àwọn arúgbó ọ̀hún sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ Praímárì Kejì.

Fọlákẹ́ ì bá ti jọ̀wọ́ ètò náà fún ọ̀gá, bí kì í bá ṣe ti Bàbá Sójà. Baba yìí jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ja ogun Hítílà dé Bọ́mà, inú ilé kan náà lòun àti Fọlákẹ́ sì ń gbé. Lándílọ́ọ̀dù ń pè é ní Bàbá Sójà, lèmọ́mù ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọdé àdúgbò náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ta ló máa la ẹnu pe orúkọ àgbà? Fọlákẹ́ wá lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá síbi ìrántí náà.

"Ìyá Báyọ̀, mi ò fẹ́ ìrẹsì, mi ò fẹ́ ẹ̀bùn," ló dá a lóhùn. "Gbogbo ẹni tó ń pe orúkọ mi ló ti kú tán. Sọ fún wọn kí wọ́n pè mí lórúkọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí wọ́n ṣe ń pè wá láàárọ̀ ní bárékè. Mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n tó lọ."

Ó wá ka orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tí kò bọ̀ láti Bọ́mà. Fọlákẹ́ ya ewé kan nínú ìwé Báyọ̀, ó kọ orúkọ baba sókè, ó kọ ti àwọn mẹ́rin sísàlẹ̀. Nígbà tó gbé e dé ilé-ìwé, ọ̀gá àti oníkànópì ń fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹni àkọ́kọ́ wà láyé o. Àwọn mẹ́rin yòókù ló ti kú."

"Mo ti gbọ́, Mọ́mì Báyọ̀." Kò tilẹ̀ wo ìwé náà tó fi kì í bọ àpò.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá, aago méjìlá ààbọ̀ ni àlejò pàtàkì dé. Ọyẹ́ ti fa ètè gbogbo èèyàn ya. Bàbá Sójà wà níwájú, nítorí Fọlákẹ́ ti bá wọn jà lórí àga náà. Ó wọ kákí tó lọ̀ fúnra rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n kí àlejò pàtàkì. Wọ́n kí ìyàwó àlejò pàtàkì. Wọ́n kí ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Baba ṣáà ń wo ẹnu ọ̀gá.

"Ẹ jẹ́ ká dìde fún àwọn tó kú sójú ogun," ni ọ̀gá wí, ó sì yọ ìwé náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Múdàṣírù Ọláoyè. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Kí Fọlákẹ́ tó la ẹnu, Bàbá Sójà ti na ara ró ṣánṣán, ọwọ́ dé iwájú orí. "Sà!"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Sójà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, orúkọ òkú là ń kà," ni ọ̀gá wí.

"Èmi ni Múdàṣírù Ọláoyè."

Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ yí orí ká pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. "Ṣé mi ò sọ fún yín ni?" ni Fọlákẹ́ figbe ta. "Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ti gbọ́!" Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. A ò mọ orúkọ yín ni." Ó ń wá ọ̀nà àtiká ìwé náà.

"Má ká a," ni Bàbá Sójà wí. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níwájú orí. "Orí ìwé kan náà ni wọ́n ti máa ń pè wá. Bí wọ́n bá ti pe èmi, Sàlàkọ́ ló kàn. Pè é."

Ọ̀gá dìde. "Sàlàkọ́ Àjàgbé."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Baba dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí. "Ó wà ní Bọ́mà, sà."

"Táyéwò Àlàó."

"Ó wà ní Bọ́mà, sà."

Àwọn ọmọ ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ọ̀rẹ́ kẹrin, Fọlákẹ́ ti ń sunkún, inú sì ń bí i pé irú ọ̀gá yìí ló rí ẹkún òun.

"Tún un pè látòkè," ni Bàbá Sójà wí. "Má sáré."

Mísítà Akínlẹ́yẹ yíjú sí ìyá Báyọ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

"Ẹ pè é," ni Fọlákẹ́ dá a lóhùn. "Ẹni àkọ́kọ́ wà láyé o."