Ọwọ́ Tí Kò Mì Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Rọ́fíàt ò tíì bọ́ bàtà tó wọ̀ dé láti ibi iṣẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni. Fúnmi ló ń pè, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Openshaw, lókè òkun.

"Rọ́fíàt, ibo ni Láńre wà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Kí ló dé?"

"Mi ò fẹ́ já ẹ láyà o. Wọ́n fi iná kan hàn nínú ìròyìn ọ̀sán, ní Stockport Road, ní Levenshulme. Ẹnì kan tí wọ́n gbé jáde wọ irú jákẹ́ẹ̀tì tí Láńre máa ń wọ̀ yẹn."

Ọláńrewájú ni àbúrò Rọ́fíàt, òun sì ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí ní yunifásítì, ó sì máa ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Levenshulme ní gbogbo Sátidé. Rọ́fíàt ló ra jákẹ́ẹ̀tì náà fún un, aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, kí àwọn onímọ́tò lè máa rí i lórí kẹ̀kẹ́. Ó pe fóònù rẹ̀. Kò wọlé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà, obìnrin òyìnbó kan náà ló ń dáhùn pé kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ìròyìn ti tán kó tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ wọn ń gbà, èèyàn lè padà wo ohun tó ti kọjá. Ó ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí ìròyìn ọ̀sán yẹn.

Àwòrán jáde, ṣùgbọ́n ó rí wúruwùru. Èéfín dúdú, iná pupa, àwọn panápaná tí ojú wọn dà bíi búlọ́ọ̀kù kéékèèké tí wọ́n tò jọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti ẹnì kan kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Àwọ̀ ọsàn ló wà lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ṣeé dá mọ̀, ó kàn dà bí àbàwọ́n lára ògiri ni. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fì dirodiro. Lójijì, ọwọ́ náà dúró. Òbìrí funfun kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín tẹlifíṣọ̀n.

Rọ́fíàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ bóyá àwòrán ló dúró ni tàbí ọwọ́ yẹn gan-an. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń tọ́jú arúgbó, ó ti rí ọwọ́ tí kò ní mì mọ́, ó mọ bó ṣe máa ń rí. Ó dá àwòrán náà padà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ dé ibi bẹ́ẹ̀dì tó fi há. Nígbà tí Láńre ń bọ̀ wá sí ìlú yìí, ìyá wọn pè é láti Ìsẹ́yìn, ó ní, "Rọ́fíàt, ojú ẹ lojú mi níbẹ̀ o." Kí ló máa wá sọ fún un?

"Ta ló ń sunkún?"

Àǹtí Bùsọ́lá, tí wọ́n jọ háyà ilé náà, ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, láti yàrá rẹ̀ lókè ló ti ń dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan lóhùn. Rọ́fíàt ò mọ̀ pé òun ń sunkún.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé Láńre nìyẹn? Iná jó nítòsí ibi iṣẹ́ ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n yìí sì ti bàjẹ́."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Mi ò rí nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n ò bàjẹ́. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọlé ló há. Bó bá ti há, á bu àwòrán kù kó lè máa lọ. Bó bá há jù bẹ́ẹ̀, á dúró. Israel ti ń fa géèmù ńlá kan sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ látàárọ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún wa."

Ó gòkè lọ. Rọ́fíàt gbọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn Israel, ayálégbé kẹta, tó ní kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, wáyà gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki orí kan bọ ẹ̀yìn rúútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, tó wà ní kọ́rídọ̀, ó ki orí kejì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n.

"Tẹ̀ ẹ́ báyìí. Á kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, fún un láyè."

Rọ́fíàt ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù mìíràn ló bà á wàyí. Níwọ̀n ìgbà tí àwòrán ṣì ṣú, ẹnikẹ́ni ni ẹni yẹn lè jẹ́. Bó bá mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

"Àǹtí, bó bá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ òun, a ó mọ ibi tá a máa sáré gbà. Tẹ̀ ẹ́, ọmọ ìyá mi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn tún jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yọ́ mọ́ra wọn, títí tí lẹ́tà ẹ̀yìn aṣọ panápaná fi ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀dì dé. Bàbá arúgbó kan ló wà lórí rẹ̀, onírùngbọ̀n funfun, jákẹ́ẹ̀tì náà kò sí lọ́rùn rẹ̀, wọ́n kàn fi bò ó láyà ni. Ọwọ́ tó yọ sílẹ̀ yẹn gbéra, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Alihamdulilahi," ni Rọ́fíàt wí, ó sì bo ojú.

Àǹtí Bùsọ́lá na ìka. "Ta nìyẹn lẹ́yìn?"

Ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì kúnlẹ̀ létí títì, gbogbo orí rẹ̀ kún fún èéfín. Ẹnì kan ń fi ìbòmú sí i nímú. Ó fẹ́ dìde, ó tún wó lulẹ̀. Láńre ni, kò ṣeé ṣì mú. Ibẹ̀ ni ìròyìn náà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Wọ́n wọ tásì lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, ní Oxford Road. Rọ́fíàt pe lẹ́tà orúkọ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ẹni tó wà nídìí káńtà. Ẹ̀yìn ogójì ìṣẹ́jú ni nọ́ọ̀sì kan tó wá mú wọn wọlé.

Láńre dùbúlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ imú rẹ̀ láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Inú ṣọ́ọ̀bù ni fóònù mi jóná sí."

"Kí lo wá lọ ṣe nínú iná?"

"Bàbá tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ni. Mo gbọ́ tó ń ké. Àwọn panápaná ò tíì dé."

Dókítà ní àwọn máa ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì, nítorí èéfín a máa sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, a sì jí lẹ́yìn wákàtí púpọ̀. Ó ní bàbá náà ń mí. Àǹtí Bùsọ́lá jáde lọ pe ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Rọ́fíàt fa àga mọ́ra, ó ń wo àyà àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Wọ́n tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé. Títí oṣù yẹn fi parí, bó bá ti wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, Rọ́fíàt a dìde lọ wò ó.