Àmì Ìwọ̀n Tí Kíkẹ́ Gé Dànù

Mobọ́lá ti fi ìpara pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Bàbá Àkàngbé, ó ń fi rọ́bà de irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fa wáyà wò bóyá ó wọlé, ó ní kí bàbá má sọ̀rọ̀, kí ó má sì mi ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ló ránṣẹ́ pè é ní agogo mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́ Ajé náà. Bàbá yìí, káfíńtà láti Pápá Àjàó, ọkàn rẹ̀ kò lù ju ìgbà méjìdínlógójì lọ mọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀rọ. Ìlà tó wà lára rẹ̀ kéré bí ipasẹ̀ èèrà.

Ọdún mọ́kànlá ni Mobọ́lá ti ń ya lílù ọkàn sórí bébà ní ọsibítù yìí, ní Surulere, kí Kíkẹ́ tó ti London dé pẹ̀lú sátífíkéètì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1976. Láti ìgbà náà, Dókítà Ọlápàdé kì í béèrè pé Mobọ́lá dà mọ́. Kíkẹ́ nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá ń yẹ aláìsàn wò, Kíkẹ́ ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mobọ́lá ló ń fọ irin. Èyí tó dun Mobọ́lá jù ni pé ọmọ náà kò yájú. Ì bá rọrùn láti kórìíra rẹ̀ bí ó bá yájú. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i, á pè é ní Àǹtí mi, á tún bá a gbé ẹ̀rọ. Owú náà kò rí ibi fẹsẹ̀ lé, síbẹ̀ kò kúrò nílé.

Ó mú káàdì Ọjọ́bọ̀, èyí tí Kíkẹ́ yà, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní. Ìlà ti Ọjọ́bọ̀ ga ní ìlọ́po méjì géérégé. Ó wá àmì ìwọ̀n, ìyẹn igun kékeré tí ẹ̀rọ máa ń yà ní ìbẹ̀rẹ̀ bébà, kí dókítà lè mọ ibi tí wọ́n yí bọ́tìnì sí. Kò sí níbẹ̀. Kíkẹ́ fẹ́ràn kí bébà gún régé lórí káàdì, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé e dànù.

Ọ̀rọ̀ yé Mobọ́lá. Ọmọ náà rí i pé ìlà kéré, ó yí bọ́tìnì sí ìlọ́po méjì kí ojú lè rí i, kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gé ẹ̀rí rẹ̀ kúrò. Dókítà wo ìlà gíga, ó pè é ní ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú tóbi, ó sì ní kí wọ́n máa fún bàbá ní dijóksìn, oògùn tó ń fún ọkàn lágbára, tó sì ń dín ìlù rẹ̀ kù.

Mobọ́lá ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1968, obìnrin kan wá láti Ìjọra. Ahọ́n rẹ̀ nípọn bíi ti bàbá yìí, abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Ọkàn rẹ̀ tóbi nínú fọ́tò àyà tí wọ́n yà, ìlà rẹ̀ sì kéré. Wọ́n fún un ní dijóksìn, ó kú lọ́jọ́ karùn-ún. Dókítà àgbà tó la òkú rẹ̀ wò fi ọkàn náà han Mobọ́lá: ohun kan bí oje igi ti wọ inú ẹran rẹ̀, ó le bí rọ́bà. Ó ní irú ọkàn yìí kì í bá dijóksìn rẹ́, díẹ̀ lára rẹ̀ á ti pọ̀ jù.

Ìrìn ìṣẹ́jú méjì ni ọ́fíìsì dókítà. Mobọ́lá jókòó.

Kíkẹ́ ti lọ gba bébà tuntun ní Yaba, agogo mẹ́rin ni yóò dé. Mobọ́lá fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà bá ń wo káàdì náà, kí ojú rẹ̀ walẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó ti ń gbé oògùn mì láti Ọjọ́bọ̀ kò ní torí ìṣẹ́jú díẹ̀ kú.

"Nọ́ọ̀sì," bàbá ní, ẹni tó bá ti wọ funfun, nọ́ọ̀sì ni lójú rẹ̀, "ẹ so mí mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá. Ṣé ẹ ń dúró de ẹni tó máa dú mi ni?"

Lójijì ni ojú bàbá yí. Ìlà orí bébà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mobọ́lá fi ìkúùkù lu àyà rẹ̀, ó tún lù ú. Ọkàn náà padà bẹ̀rẹ̀. Mobọ́lá ké sí nọ́ọ̀sì kí ó dúró tì í, ó sáré jáde.

"Ẹ dá dijóksìn Bàbá Àkàngbé dúró," ó ní, ó tẹ́ bébà méjèèjì síwájú dókítà.

Dókítà wò wọ́n. "Ta ló gé àmì yìí?"

"Kíkẹ́ ni."

Ó dùn lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti kọjá lára rẹ̀, kò gbọ́.

Abẹ́rẹ́ tí dókítà fún bàbá kò ran ọkàn náà. Ó ní ó di dandan kí wọ́n ti wáyà gba iṣan apá wọ inú ọkàn, kí àpótí kékeré kan máa fi iná mànàmáná ta á jí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àpótí náà lò nínú ọsibítù, òun náà ló sì ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ẹrù bébà lọ́wọ́. Dókítà ń ti wáyà, Kíkẹ́ ń yí àpótí, Mobọ́lá tẹjú mọ́ ìlà.

"Kò tíì mú," Mobọ́lá ní. "Ẹ tì í sí i. Ó ti mú."

Gbogbo ìgbà tí àpótí ta, ọkàn dáhùn, ó ń lu àádọ́rin. Dókítà ní wáyà kò ní kúrò títí oògùn yóò fi tán lára bàbá. Lẹ́yìn náà, oògùn ìtọ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń fa omi kúrò lára, ni yóò máa lò, torí àrùn tó ń mú ọkàn le yìí fúnra rẹ̀ kò ní ìwòsàn. Ó wá yíjú sí Kíkẹ́, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kò sọ nǹkan kan fún Mobọ́lá.

Kíkẹ́ kúnlẹ̀ nígbà tí dókítà jáde. "Àǹtí mi, mo ti rí káàdì yẹn. Èmi ni mo gé e. Mo fẹ́ kó wuyì ni."

"Dìde. Ẹwà tó ń pa èèyàn nìyẹn. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. O ò gbọdọ̀ gé e mọ́."

Mobọ́lá mú bírò, ó kọ ọ́ sára káàdì pé ìlọ́po méjì ni ti Ọjọ́bọ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun rí àṣìṣe náà ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun sì sọ ọ́ ní agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó fọwọ́ sí i. Ó fọ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó nù wọ́n gbẹ, ó fi káàdì sórí tábìlì dókítà, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ.