Irun Ẹ̀gbẹ́ Táyà

Alùpùpù mi ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Àwọn tó ṣe é ṣe é fún ẹni tó fẹ́ jí ní ìlú kan kó sì sùn ní ìlú kẹta. Èmi ń gùn ún lọ sí ọ́fíìsì omi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, ìrìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Iná méjì tó ń darí ọkọ̀ ló wà lójú ọ̀nà yẹn, mo sì máa ń dúró de ìkọ̀ọ̀kan wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má bi wọ́n léèrè ní ọ́fíìsì o. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Èmi ni mo fún ara mi lórúkọ náà, ọdún kan gbáko ni mo sì fi kọ́ wọn kó tó mọ́ wọn lẹ́nu. Tí a bá ń jẹun ọ̀sán, mo máa ń fi abọ́ ṣàpèjúwe bí mo ṣe ń tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà, títí orúnkún mi á fi máa ha títì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo tiẹ̀ ní ṣòkòtò kan tó ya lórúnkún tí mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Iwájú ọ́fíìsì ni mo ti ṣubú lọ́jọ́ tó ya, alùpùpù ò sì rìn rárá: mo gbàgbé láti ta ẹsẹ̀ tó fi ń dúró sílẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Mo wá gbé ìtàn náà délé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, wọ́ọ̀dù àwọn tí egungun wọn kán ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ra alùpùpù yìí ní àlòkù, kò gùn ún rí. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọ̀. Torí tirẹ̀ gan-an ni mo ṣe ra irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá jọ ń lọ síbì kan, òun á wọ bọ́ọ̀sì, èmi á gun alùpùpù, a ó wá pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra sọ́nà. Ó ń dùn mí. N kì í sọ ọ́, àmọ́ ó ń dùn mí gan-an.

Àsìkò tí táyà méjèèjì jẹ tán ni àwọn ìbejì wa, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní ìlú tó wà lẹ́yìn òkè, ránṣẹ́ pé ká wá kí àwọn ní Sátidé tó máa parí oṣù. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká jọ gun alùpùpù lọ."

Ó wò mí títí. "Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà yẹn ná. Màá tẹ̀lé yín lọ síbẹ̀, màá fojú ara mi wo ohun tí wọ́n bá dè mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni màá tó mọ̀ bóyá màá gùn ún."

Bóyá ló sọ o, ṣùgbọ́n mi ò sùn lóru ọjọ́ náà fún ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kàwé nípa táyà, tí mo sì ń kà á sí i létí lórí ibùsùn. Oríṣi mẹ́ta ló bá alùpùpù mi mu. Ọ̀kan rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ títì ní kọ́nà. Àwọn tó ń fi alùpùpù díje ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í pẹ́ jẹ. Ọ̀kan le, ó ń tọ́jọ́, àmọ́ tí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀. Ti arìnrìn-àjò wà láàárín: àárín rẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ojú ìlà tí omi ń gbà jáde. Ẹni tó bá lọ́pọlọ á ti mú èyí kó tó ṣí ojú ìwé kejì. Èmi mú ti àwọn adíje. Ṣé Ẹ̀fúùfù lẹ fẹ́ kó máa gun táyà arìnrìn-àjò? Mo tún ní kí ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju iye tí wọ́n kọ sára alùpùpù lọ, torí ó máa ń wuyì téèyàn bá ń wò ó látẹ̀yìn.

Nígbà tí Sátidé pé, ìyàwó mi wọ bọ́ọ̀sì, èmi gun alùpùpù, a pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onítáyà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá yìí ti ń tún táyà ṣe, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Bàbá, ẹ bá mi mú èyí tó rọ̀ jù lọ," ni mo wí, mo sì gbóhùn sókè. "Bí mo ṣe ń tẹ̀ ní kọ́nà, táyà tó le ò lè gbà mí."

Ojú ìyàwó mi yí padà. Òun gan-an ló yẹ kí n máa fi lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ ẹnu mi ti mọ ọ̀nà tirẹ̀. Bàbá tú táyà ẹ̀yìn, ó yí i nílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún ra á.

"Ta ló ń gun alùpùpù yìí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Hẹn." Irú hẹn yẹn, dókítà ló máa ń sọ ọ́ kó tó ní kí ẹbí jáde.

Ìyàwó mi sún mọ́ ọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan tó rí bí irun yìí?"

"Irun táyà ni, ìyá. Bó ṣe ń jáde nílé iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń tẹ alùpùpù ní kọ́nà, títì á ti fá a kúrò lọ́jọ́ kìíní. Ẹ wo àárín: ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́: títì ò kàn án rí. Táyà ọdún mẹ́fà nìyí o! Ẹni tó ń gùn ún yìí ò tẹ̀ síbì kankan. Gbọọrọ ló ń lọ, bí ẹni tó ru omi."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún. Mo ń retí kí ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, kí ojú tì mí, kó sì tán síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Orúnkún tó ń ha títì ńkọ́?"

"Kò ha títì rí."

"Ṣòkòtò yẹn ńkọ́?"

"Mo ṣubú níwájú ọ́fíìsì. Alùpùpù ò tiẹ̀ rìn."

Bàbá Onítáyà rọra wọlé lọ wá ohun tí kò sọnù.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá Ìbejì." Ìyàwó mi kọjú sí mi. "Tí wọ́n bá ti gbé ẹni tó jábọ́ lórí alùpùpù wọ wọ́ọ̀dù wa, bàtà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ tí mi ò bá tíì wo bàtà. Mo mọ gbogbo bàtà yín, títí kan èyí tí ẹ ò wọ̀ mọ́. Ṣé ẹ wá ń sọ fún mi pé lórí irọ́ ni?"

Mo ti rò pé irọ́ mi ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ojú tì mí débi pé mi ò rántí pé Bàbá lè máa gbọ́ wa.

"Mo fẹ́ kí o máa rí mi bí ọkùnrin tó láyà ni," ni mo wí. "Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Akọ̀wé ọ́fíìsì omi ni mo fẹ́. Mo mọ ohun tí mo mú."

Bàbá yọjú. "Èwo wá ni ká dè?"

Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti dáhùn: "Ti arìnrìn-àjò ni, Bàbá. Kó sì jẹ́ iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀."

Nígbà tí Bàbá dè é tán, ó kìlọ̀ fún mi. "Táyà tuntun máa ń yọ̀ fún ìgbà díẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà o." Ó ro ọ̀rọ̀ náà wò. "Ká ṣáà wí i ni."

Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ẹ̀yìn òkè ti ń kún ní òdìkejì títì. Ìyàwó mi wò ó, ó wo táyà, ó tún wo bọ́ọ̀sì. Èmi dúró, mi ò sọ̀rọ̀, ohun tó sì ṣòro fún mi jù láyé nìyẹn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, mo gbé akoto fún un.

"Ẹ gùn ún bí ẹ ṣe ń gùn ún o," ó wí. "Ẹ má gùn ún bí ẹ ṣe ń ròyìn rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gùn ún. Ọkọ̀ agbégi kọjá wa lórí òkè. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá arúgbó kan tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá wa, ó sì kí wa kú ìrìn. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ìyàwó mi gbá mi níbàdí mú débi pé mi ò lè mí dáadáa. Ní ìkarùn-ún, ó dẹ ọwọ́ díẹ̀, àmọ́ kò mú un kúrò. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí lé mi lẹ́yìn, ó sì ń kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ fún ara rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ẹnu ara mi lé ọwọ́ yẹn kúrò níbàdí mi.